Ta Ni Ó Fi Momotaro Ṣe Ọmọ Ogun?

Èrò kan ti gbilẹ̀ láàrin wa ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí, mo sì fẹ́ bá àwọn tí ó ni ín fa ọ̀rọ̀ náà lórí ìwé. Wọ́n ní ohun tí ó sọ àwọn ará Jàpáánì di ènìyàn ńlá láyé ni pé láti kékeré ni a ti ń pa àlọ́ akọni fún ọmọ wọn: akọni tí ó gbọ́ràn sí òbí lẹ́nu, tí kò mọ ẹ̀rù, tí ó ṣẹ́gun ọ̀tá tí ó sì kó ọrọ̀ wálé. Wọ́n ní àwa ní tiwa, Ìjàpá ni a fi tọ́ ọmọ, Ìjàpá olè, Ìjàpá ọ̀lẹ, Ìjàpá ọ̀kánjúwà; abájọ tí a fi wà níbi tí a wà. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ́ sí ìmọ̀ràn wọn, pé bí a bá máa tẹ ìwé àlọ́ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, kí a fọ Ìjàpá mọ́ tónítóní, tàbí kí a gbé e jù sílẹ̀, kí a sì fi akọni bíi ti Jàpáánì rọ́pò rẹ̀.

N kò ní í sọ púpọ̀ lórí Ìjàpá lónìí. Ìjàpá lè gbèjà ara rẹ̀. Ohun tí ó bí mi nínú ni pé àwọn tí ń sọ ọ̀rọ̀ yìí kò mọ àlọ́ Jàpáánì. Ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀, ti Momotaro. Ti Momotaro náà, ẹ̀yà kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀ nínú rẹ̀, ẹ̀yà tí ó ti inú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba jáde. Wọ́n dà bí ẹni tí ó rí egúngún lójú agbo, tí ó wá ń búra pé òun ti mọ ojú ẹni tí ó wà nínú ẹ̀kú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ pa á bí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Bàbá arúgbó kan lọ ṣẹ́ igi lórí òkè. Ìyá arúgbó, aya rẹ̀, lọ fọ aṣọ lódò. Èso píìṣì ńlá kan ń léfòó bọ̀ lójú omi, ìyá sì gbé e lọ sílé. Bí wọ́n ti fẹ́ gé e jẹ, ọmọkùnrin kan bọ́ jáde láti inú rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Momotaro, nítorí pé momo ni wọ́n ń pe èso náà ní èdè wọn. Ọmọ dàgbà, ó di alágbára, ó ní òun yóò lọ sí Onigashima, erékùṣù àwọn ànjọ̀nú oníwo, láti lọ ṣẹ́gun wọn. Wọ́n fi jéró ṣe oúnjẹ róbótó-róbótó fún un. Lójú ọ̀nà ó fi oúnjẹ yìí gba ajá, ó fi gba ọ̀bọ, ó fi gba ẹyẹ kan tí ó jọ àparò ṣùgbọ́n tí ìrù rẹ̀ gùn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n ṣẹ́gun àwọn ànjọ̀nú, wọ́n kó ìṣúra wọn, wọ́n padà sílé. Ó parí.

Ẹ ò rí i bí ó ti bọ́ sí i fún olùkọ́ tí ń wá ẹ̀kọ́ ìwà? Ọmọ yìí mọ oore òbí, ó láyà, ó ní ọmọlẹ́yìn tí kì í bi í léèrè ọ̀rọ̀, ó sì jèrè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tú ẹ̀kú náà wò.

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí a tẹ̀ nígbà Edo, kí ìjọba Meiji tó bẹ̀rẹ̀ ní 1868, inú èso kọ́ ni ọmọ náà ti jáde. Àwọn arúgbó méjèèjì ni wọ́n jẹ èso náà tí ara wọn padà di ti ọ̀dọ́. Ohun tí tọkọtaya ọ̀dọ́ máa ń ṣe lóru ni wọ́n ṣe, ìyá lóyún, ó sì bí Momotaro bí gbogbo ìyá ti ń bímọ. Ìwé kíkà ti ìjọba, tí ó mú Momotaro wọ kíláàsì ní 1887, àti irú àwọn ìwé bẹ́ẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, ni wọ́n fi ìdí ọmọ inú èso múlẹ̀. Mo lè gbójú fo èyí. Kò sí olùkọ́ kíláàsì kìíní tí yóò fẹ́ ṣe àlàyé yẹn fún ọmọ ọdún mẹ́fà. Èyí tí n kò lè gbójú fò ni ti ọdún 1894, nígbà tí Iwaya Sazanami tún àlọ́ náà kọ fún àwọn ọmọdé. Nínú ìwé tirẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ànjọ̀nú ni pé wọn kò tẹríba fún àṣẹ ọba ńlá Jàpáánì. Ọdún yẹn gan-an ni Jàpáánì gbógun ti Ṣáínà.

Ṣùgbọ́n ní agbègbè Okayama àti ní erékùṣù Shikoku, àwọn tí ń kó àlọ́ jọ gbọ́ nípa Momotaro mìíràn lẹ́nu àwọn àgbà. Ọ̀lẹ ni eléyìí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá pè é kí wọ́n jọ lọ ṣẹ́ igi. Ó ní òun kò tí ì ṣe ohun tí òun yóò fi pọn igi. Wọ́n padà wá ní ọjọ́ kejì. Ó ní òun kò tí ì hun bàtà koríko tí òun yóò wọ̀. Nígbà tí ó lọ nígbẹ̀yìn, oorun ni ó sùn. Ìgbà tí àwọn yòókù ń di ẹrù wọn ni ó tó jí, ó fa odindi igi ńlá kan tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ó gbé e wálé, ó fi í ti ara ilé àwọn òbí rẹ̀, ilé sì wó lulẹ̀. Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń wá ìgbọràn, ẹ fi í hàn mí nínú èyí.

Kì í sì í ṣe àwọn ará oko nìkan ni wọn kò gba Momotaro gẹ́gẹ́ bí ẹni mímọ́. Fukuzawa Yukichi, ẹni tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ Keio sílẹ̀, kọ ẹ̀kọ́ ojoojúmọ́ kan fún àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì ní 1871. Ó sọ fún wọn pé àwọn ànjọ̀nú ni wọ́n ni ìṣúra wọn. Bí wọ́n bá ṣe ibi, ó dára kí a jẹ wọ́n níyà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó lọ kó ohun olóhun wá sílé, olè ni. Ní 1924, Akutagawa Ryunosuke kọ ìtàn Momotaro tirẹ̀. Nínú rẹ̀, àwọn ànjọ̀nú ń gbé jẹ́ẹ́jẹ́ lórí erékùṣù wọn lábẹ́ igi àgbọn, wọ́n ń jó, wọ́n ń lu ohun èlò orin, kí ọmọ inú èso tó dé bá wọn pẹ̀lú idà àti iná. Nígbà tí olórí wọn fi ìbẹ̀rù béèrè pé kí ni àwọn ṣe, èsì tí a fún un kò nítumọ̀ kankan: nítorí pé Momotaro ní ọmọ ẹ̀yìn mẹ́ta tí ó jẹ́ olóòótọ́ ni ó ṣe wá. Ẹni tí ó bá mọ bí àwọn alágbára ayé ti ń gba ilẹ̀ onílẹ̀ ní ìgbà náà kò ní í bi Akutagawa pé ta ni ó ń bá wí.

Wọn kò gbọ́ ti Akutagawa. Ní oṣù Disẹmba 1941, Jàpáánì kọlu ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà ní Pearl Harbor. Ní 1943, Seo Mitsuyo ṣe sinimá àwòrán kan fún àwọn ọmọdé, tí àwọn ológun orí omi sì wà lẹ́yìn rẹ̀: Momotaro ni ọ̀gá àwọn ọmọ ogun, ajá àti ọ̀bọ àti ẹyẹ ni wọ́n ń wa ọkọ̀ òfurufú, Hawaii sì ni Onigashima. Ní oṣù Epril 1945 ni èkejì jáde, ó gùn ju wákàtí kan lọ. Nínú èyí, Momotaro àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ dé sí erékùṣù kan ní apá gúúsù, wọ́n kó àwọn ẹranko ibẹ̀ jọ, wọ́n sì fi orin kọ́ wọn ní álífábẹ́ẹ̀tì Jàpáánì. Àwa tí àwọn baba wa jókòó lórí bẹ́ǹṣì tí àjèjì ń kọ́ wọn ní á-bí-dí, a mọ irú kíláàsì tí èyí jẹ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀gá ogun Gẹ̀ẹ́sì, tí a ya ìwo sí lórí, ń gbọ̀n tí wọ́n ń kálòlò níwájú Momotaro nígbà tí ó ní kí wọ́n túúbá. Bóyá inú ẹlòmíràn nínú wa yóò dùn díẹ̀ láti rí ibẹ̀ yẹn. Kí ó rántí pé àwọn ẹranko erékùṣù náà kò kúrò lábẹ́ ẹnìkan, ọ̀gá ni wọ́n pààrọ̀.

Ní ọdún kan náà, 1945, nígbà tí bọ́ǹbù ń rọ̀ lórí àwọn ìlú, Dazai Osamu ń tún àwọn àlọ́ àtijọ́ kọ. Ó kọ ti Urashima, ó kọ ti ológoṣẹ́. Nígbà tí ó kan Momotaro, ó sọ fún àwọn òǹkàwé rẹ̀ pé òun kò kọ ọ́ mọ́.

Akọni tí wọ́n ní kí a lọ yá nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn yòókù.

Àwọn kan yóò ti máa dárúkọ Issun-boshi, ọmọkùnrin tí gíga rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ, tí ó fi abẹ́rẹ́ ṣe idà, tí ó fi abọ́ ìrẹsì ṣe ọkọ̀ ojú omi, tí ó sì fi igi ìjẹun wà á lọ sí olú-ìlú. Wọ́n ní ó kọ́ ọmọdé ní ìgboyà. Ó kọ́ ọ, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo bí ó ti wà nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Osaka ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn. Àwọn òbí rẹ̀ ni wọ́n sú u kúrò nílé, nítorí wọ́n ti ń ráhùn pé abàmì ọmọ ni. Nígbà tí ó dé ilé ìjòyè ńlá kan, ojú rẹ̀ wọ ọmọbìnrin ìjòyè náà. Kí ni ó ṣe? Ó dúró títí ọmọbìnrin náà fi sùn, ó fi ìrẹsì pa á lẹ́nu, ó gbé àpò òfìfo dání, ó wá bú sí ẹkún pé ọmọbìnrin náà ti jẹ ìrẹsì tí òun tọ́jú. Baba bínú, ó lé ọmọ rẹ̀ jáde, Issun-boshi sì mú un lọ. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n pàdé àwọn ànjọ̀nú. Ọ̀kan gbé e mì, ó gba ojú rẹ̀ jáde. Wọ́n sá, wọ́n fi òòlù idán wọn sílẹ̀, ó fi í lu ara rẹ̀ di ọkùnrin gíga. Nígbà tí àwọn ìwé ọmọdé ìgbà tiwa ń tún un pa, wọ́n fi òòlù sílẹ̀, wọ́n fi ànjọ̀nú sílẹ̀, wọ́n nu ìrẹsì kúrò. Bí ẹ bá gbọ́ ti ìrẹsì yìí tí ẹ kò rántí ẹnìkan tí ó ní igbá lẹ́yìn, a jẹ́ pé ẹ kò gbọ́ àlọ́ rí nílé yín.

Ti Netaro ni ó tilẹ̀ dùn mọ́ mi jù. Orúkọ rẹ̀ fi hàn: Taro tí ń sùn. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ó fi sùn, gbogbo abúlé ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí wọ́n ti ń pa á ní agbègbè Yamaguchi, ọjọ́ kan ni ó dìde fùú, ó ní kí baba òun fún òun ní ọkọ̀ ojú omi tí ó kún fún bàtà koríko tuntun. Ó wà á lọ sí erékùṣù Sado, níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà. Ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ mú bàtà wọn tí ó ti gbó wá, kí òun fún wọn ní tuntun lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n rò pé orí rẹ̀ dàrú. Òfin ìjọba kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti kó erùpẹ̀ Sado jáde, ṣùgbọ́n òfin kò dárúkọ bàtà. Ó kó bàtà ògbólógbòó wálé, ó fọ gbogbo wọn nínú agbada omi, wúrà sì rọ̀ sí ìsàlẹ̀. Owó yìí ni ó fi la ojú omi sí oko àwọn ará abúlé tí ń fi í rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́, ẹ̀yin oníwàásù: ọ̀lẹ ni, ó rẹ́ ìjọba jẹ, òun sì ni àwọn ará ibẹ̀ gbé ère kalẹ̀ fún ní iwájú ibùdó rélùwéè wọn ní Asa.

Ti Kintaro, ọmọ tí ó ń bá béárì jìjàkadì ní òkè Ashigara, kò pẹ́ mi lẹ́nu: ìtàn agbára lásán ni, ó sì parí sí iṣẹ́ ìjòyè. Àwọn tí ń bá mi jiyàn lè mú un. Òun nìkan ni mo fi sílẹ̀ fún wọn.

N kò sọ pé kò sí ìwà rere nínú àwọn àlọ́ yìí. Ó wà, ó sì pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí a fi ń tò ọmọ sí ìlà. Ní alẹ́ tí ọdún fẹ́ yí, bàbá òtòṣì kan lọ sí ọjà pẹ̀lú fìlà koríko márùn-ún tí òun àti aya rẹ̀ hun, láti fi owó rẹ̀ ra àkàrà ìrẹsì ọdún. Ẹnikẹ́ni kò rà á. Bí ó ti ń padà bọ̀ nínú òjò dídì, ó rí ère òkúta mẹ́fà ti Jizō, ẹni tí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà gbà pé ó ń dáàbò bo ọmọdé àti èrò ọ̀nà. Òjò ti bo orí wọn. Ó gbọn ọ́n kúrò, ó dé wọn ní fìlà márùn-ún. Nígbà tí ó ku ẹyọ kan, ó tú aṣọ orí ara rẹ̀, ó fi wé ẹ̀kẹfà lórí. Ó dé ilé lọ́wọ́ òfo, ó sọ ohun tí ó ṣe, aya rẹ̀ sì ní ó ṣe é re. Wọ́n sùn láìjẹun. Òótọ́ ni pé àwọn ère náà gbé oúnjẹ wá sẹ́nu ọ̀nà wọn lóru. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú tí ebi ń pa wọ́n, ta ni ó pàṣẹ fún wọn? Ta ni ó ń wò wọ́n? Ọ̀rọ̀ aya yẹn, ìyàwó tí ebi ń pa ní alẹ́ ọdún tí kò bínú sí ọkọ rẹ̀, n kò mọ akọni tí ó jù ú lọ nínú gbogbo àlọ́ Jàpáánì, kò sì mú idà lọ́wọ́. Ti bàbá tí ó ní ológoṣẹ́ náà kò yàtọ̀: wọ́n ní kí ó mú èyí tí ó wù ú nínú apẹ̀rẹ̀ ńlá àti kékeré, ó mú kékeré nítorí pé arúgbó ni òun.

Oore yìí kì í sì í fi ìgbà gbogbo lérè. Urashima Taro bá awun òkun lọ sí ààfin abẹ́ omi, ó gbádùn, àárọ̀ ilé sọ ọ́, wọ́n fún un ní àpótí kan, wọ́n ní kó má ṣe ṣí i. Ó padà dé èbúté, kò bá ẹnikẹ́ni tí ó mọ̀, nítorí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ti kọjá. Ó ṣí àpótí, ó sì di arúgbó lójú kan náà. Àlọ́ yìí ti pẹ́. Nihon Shoki, ìwé ìtàn tí wọ́n parí ní 720, ti mẹ́nu ba apẹja náà. Níbẹ̀, ó kàn fi ìwọ̀ mú awun ni, awun sì di obìnrin. Àwọn ìran ẹ̀yìn ni wọ́n fi kún un pé àwọn ọmọdé ń lu awun, Urashima sì gbà á sílẹ̀, kí àlọ́ lè ní ẹ̀kọ́: ṣe oore. Ẹ wo irú ẹ̀kọ́ tí ó jáde! Ó ṣe oore, ó pàdánù òbí, ilé, àti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Àlọ́ tí a fi ipá mú wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́, aṣọ náà kì í bá a mu.

Bákan náà ni ti ẹyẹ funfun ọlọ́rùn gígùn tí wọ́n ń pè ní tsuru, tí ó di ìyàwó ọkùnrin tí ó gbà á lọ́wọ́ ikú. Ó ń fi ìyẹ́ ara rẹ̀ hun aṣọ fún un, ó ní kó má ṣe yọjú wo òun. Ọkùnrin yọjú, obìnrin fò lọ. Kinoshita Junji fi ṣe eré orí ìtàgé ní 1949. Kò sí ìjà, kò sí ìyà fún ẹnikẹ́ni, ọkùnrin kan dúró tí ó ń wo ojú ọ̀run. Kawai Hayao, ẹni tí ó kọ́ ìmọ̀ Jung ní Zürich, kọ ìwé kan ní 1982 nípa irú òpin báyìí, ó sì ní ibẹ̀ ni a ti lè rí ọkàn àwọn ará Jàpáánì: àwọn òyìnbó ń fẹ́ kí akọni pa ẹranko kí ó fẹ́ ọmọ ọba, àwọn ará Jàpáánì ní tiwọn fẹ́ obìnrin tí ó lọ, àti àánú tí ó kù sílẹ̀. Ìwé náà dùn ún kà, ojú rẹ̀ sì ríran. Síbẹ̀ n kò bá a dé òpin ọ̀nà, nítorí ẹni tí ó bá ní òun ti rí ọkàn odindi ènìyàn nínú àlọ́ kan, ó ti ń sún mọ́ àwọn tí wọ́n rí i nínú Momotaro. Ọkàn ta ni Netaro?

Ọkàn ta sì ni Kaguya-hime, ọmọbìnrin inú ọparun, tí ìtàn rẹ̀ ti wà ní àkọsílẹ̀ láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún? Ọlọ́lá márùn-ún wá fẹ́ ẹ, ó fún oníkálukú ní iṣẹ́ tí kò ṣeé ṣe. Ọ̀kan ní òun ti mú ẹ̀ka igi olówó iyebíye dé láti òkè Horai. Ó ń pa irọ́ náà lọ́wọ́ ni àwọn alágbẹ̀dẹ tí ó ṣe ẹ̀ka náà fún un wọlé dé láti wá gba owó iṣẹ́ wọn. Ọba ńlá fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ pè é, ó kọ̀, ó ní bí wọ́n bá fi ipá mú òun, òun yóò kú. Ọba tí Iwaya ní kí àwọn ànjọ̀nú tẹríba fún, ọmọbìnrin kan kọ ìpè irú rẹ̀, ó sì padà sí ojú òṣùpá láìfẹ́ ẹnìkan.

Nítorí náà, bí ìwé àlọ́ tí wọ́n ń sọ yìí bá máa jáde, kí wọ́n tẹ Ìjàpá bí àwọn ìyá wa ti pa á fún wa, pẹ̀lú olè rẹ̀ àti ìyà rẹ̀. Bí wọ́n bá sì fẹ́ fi ti Jàpáánì kún un, kí wọ́n mú Issun-boshi pẹ̀lú ìrẹsì ọwọ́ rẹ̀, kí wọ́n mú Netaro pẹ̀lú bàtà ògbólógbòó, àti ìyá arúgbó tí ó sùn láìjẹun. Kí wọ́n mú Momotaro náà, mo gbà, ṣùgbọ́n èyí tí ó wó ilé ni kí wọ́n mú. Èmi yóò bá wọn tú u sí Yorùbá, n kò sì ní í gba kọ́bọ̀.